Thaddeus Fairbanks: Ẹni Tí Ó Jẹ́ Kí Òṣùwọ̀n Gba Kẹ̀kẹ́ Ẹrù

Orúkọ Thaddeus Fairbanks kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa ará Èkìtì. Bí a bá ní kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ka àwọn olùhùmọ̀ ńlá, Watt, Stephenson àti Edison ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Síbẹ̀, láti Adó títí dé Ìjerò, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìfàkì, agbára káká ni a fi lè rí àgbẹ̀ onikòkó kan tí kò tíì dúró ti irú iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe, kí ó máa wo irin kékeré tí akọ̀wé ń sún síwá sẹ́yìn lórí ọ̀pá, kí àyà rẹ̀ sì máa já. Òṣùwọ̀n onípèpéle ni a ń wí, èyí tí a ń gbé àpò lé lórí láìfi í kọ́ sókè. Fairbanks ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, láti orí àpò kan títí dé orí odindi kẹ̀kẹ́ ẹrù ọkọ̀ ojú irin. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olótùú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a kọ ìtàn ẹnìkan nínú àwọn Kristẹni àtijọ́ tí ó fi ọgbọ́n ọwọ́ sin ìran rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn wa lọ. Ìdí mìíràn wà tí ó fi yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa mọ̀ ọ́n, a ó sì kàn án níwájú.

A bí Thaddeus ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1796, ní ìlú Brimfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Joseph ni orúkọ baba rẹ̀, Phebe sì ni ìyá rẹ̀. Erastus, tí a bí ní 1792, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Joseph, tí a fi orúkọ baba pè, ni àbúrò, a sì bí i ní 1806. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí a kò lè sọ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta yìí kí a má sọ ti àwọn yòókù. Thaddeus kì í ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ le. Onítìjú ni, ìwé tí ó kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi.

Ní 1815 ìdílé náà ṣí lọ sí St. Johnsbury ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní ìhà àríwá. Ẹni tí ó bá mọ Èkìtì kò ní ṣàì lóye irú ilẹ̀ tí ó jẹ́: òkè yí i ká, odò ń sáré gba àárín àfonífojì kọjá, ọ̀nà sí ìlú ńlá sì jìn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni òtútù, nítorí yìnyín a máa bo gbogbo rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dọọdún. Baba wọn fi agbára odò náà yí ọlọ àgbàdo àti ayùn tí a fi ń la gẹdú. Lókè ọlọ náà ni Thaddeus ti ṣí ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ó ti ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ní 1820 ó gbé Lucy Barker níyàwó.

Ní 1824 ó kọ́ ilé ìyọ́rin kan. Erastus dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí E. & T. Fairbanks sílẹ̀. Ààrò irin àti ohun ìtúlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rọ. Ohun ìtúlẹ̀ onírin jẹ́ tuntun ní ìgbà náà, a sì rí nínú àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gbà pé irin a máa fi májèlé sínú ilẹ̀. Kí a má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ilé wa náà sọ nígbà tí ajílẹ̀ onípáàpù kọ́kọ́ dé.

Òṣùwọ̀n kò tíì sí lọ́kàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí. Irúgbìn kan ni ó gbé e débẹ̀. Ní ìparí ọdún 1820 sí 1829, ìfẹ́ gbígbin hemp gba ọkàn àwọn ará Vermont. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́: ìbátan igbó tí àwọn ọmọkùnrin wa kan ń fà tí ó sì ń bà wọ́n láyé jẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèpo ara rẹ̀ ni wọ́n ń wá, èyí tí a fi ń lọ́ okùn ọkọ̀ ojú omi àti aṣọ ìgbòkun. Thaddeus ṣe ẹ̀rọ tí ń bó èèpo yìí, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó ilé-iṣẹ́ tí ń ra hemp lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń rà á. Àgbẹ̀ kó o dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó ga gègèrè bí òkìtì koríko, ó sì di dandan kí a mọ iye tí ó wọ̀n.

Báwo ni a ṣe ń wọn irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Ọ̀pá òṣùwọ̀n àtijọ́ ni wọ́n ń lò, irú èyí tí àwọn ará Romu ti lò. A so ọ̀pá gígùn kan rọ̀ sókè lórí igi tí a rì mọ́lẹ̀. Apá kúkúrú ni a gbé ẹrù kọ́, apá gígùn ni a ti ń sún irin kékeré lọ títí ọ̀pá yóò fi dúró gbọọrọ. Ó dára fún àpò kan. Ṣùgbọ́n fún kẹ̀kẹ́ tí ó kún fún ẹrù, wọn ní láti fi ṣéènì gbá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà mú, kí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ pátápátá, kí ó máa fì. Iṣẹ́ náà lọ́ra, ó léwu, iye tí ó ń sọ kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Olùtà gbà pé a rẹ́ òun jẹ, olùrà náà gbà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi hàn pé èkejì kò jàre. Thaddeus ni ó dúró láàárín wọn lójoojúmọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá a lè fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí a gbé òṣùwọ̀n lọ sábẹ́ rẹ̀. Ó gbẹ́ kòtò, ó ṣe pèpéle onípákó tí ojú rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, kí ẹṣin lè wọ́ kẹ̀kẹ́ gun orí rẹ̀ láìmọ̀ pé òun kúrò ní ojú ọ̀nà. Lábẹ́ pèpéle ni ọgbọ́n wà. Ní àkọ́kọ́, ó gbèrò láti gbé e ka orí ọ̀pá irin kan ṣoṣo, irú ọ̀pá tí a ń fi ń ti òkúta wúwo sókè, tí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa ń pè ní lífà. Ṣùgbọ́n pèpéle tí ó jókòó lórí ọ̀pá kan yóò dà sí ìhà kan, bí àwo lórí ìka. Ó ronú láti fi ṣéènì dè é mọ́ òpó kí ó má bàa dà, ìyẹn kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní òru ọjọ́ kan ni ó rí ojútùú rẹ̀: kí a pọ̀ sí i ní lífà, kí wọ́n ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pèpéle wá, kí gbogbo wọn pàdé ní ojú kan, kí a sì so ojú kan náà mọ́ ọ̀pá òṣùwọ̀n tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e, títí dé ti ọkọ̀ ojú irin, ibẹ̀ ni ó ti jáde. Lífà kọ̀ọ̀kan jókòó lórí irin tí etí rẹ̀ mú bí ojú ọ̀bẹ, kí ó lè mì láìsí ìfararora púpọ̀. Bí ibi tí ẹrù ti tẹ lífà bá sún mọ́ ojú ọ̀bẹ náà, tí òpin rẹ̀ kejì sì jìnnà, agbára díẹ̀ ní òpin kejì yóò gbé ẹrù púpọ̀. Bí a bá so lífà kan mọ́ òmíràn, agbára náà a máa pọ̀ sí i ní ìlọ́po-ìlọ́po, tó bẹ́ẹ̀ tí irin kílò 1 fi lè dúró fún ẹrù kílò 100. Ìyẹn nìkan kò tó. Ohun tí ó ṣòro ni pé kí ìlọ́po igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ara wọn mu géérégé. Bí igun kan bá fi díẹ̀ yàtọ̀, ẹrù tí a gbé sí apá ọ̀tún yóò wọ̀n ju èyí tí a gbé sí apá òsì lọ, oníwàyó yóò sì mọ ibi tí yóò máa gbé ẹrù sí. Òṣùwọ̀n Fairbanks kò béèrè ibi tí ẹrù jókòó sí.

Òtítọ́ ni kí a sọ pé kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tí yóò fi àkópọ̀ lífà wọn kẹ̀kẹ́. John Wyatt ti ṣe irú rẹ̀ ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 90 ọdún ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe ohun kan fún ìlú kan, ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe é lọ́nà tí a fi lè rọ ọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí ó sì péye bákan náà. Ìyẹn ni iṣẹ́ Thaddeus, àwa sì gbà pé òun ni ó tóbi jù.

Ní 1831 ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ náà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ hemp fi rọlẹ̀ ní Vermont. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀ kò rọlẹ̀. Thaddeus ń hùmọ̀, Erastus ń ṣe ọ̀rọ̀ òwò, Joseph àbúrò wọn, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò, dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1834. Wọ́n ṣe kékeré fún orí tábìlì oníṣòwò, wọ́n ṣe ti àpò, wọ́n ṣe ti kẹ̀kẹ́ koríko. Ìlú kékeré tí ó wà láàárín òkè di ibi tí ayé ti ń ra òṣùwọ̀n.

Kí ni èyí kàn wá ní Adó-Èkìtì? Kí ẹni tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀ bá wa ṣe ìṣirò kan. Àpò kòkó kan jẹ́ kílò 62 àti ààbọ̀. Àpò 16 ni tọ́ọ̀nù kan. Bí òṣùwọ̀n bá jẹ kílò 2 nínú àpò kọ̀ọ̀kan, kílò 32 ti lọ nínú tọ́ọ̀nù kan, ó sì ju ìdajì àpò lọ. Àgbẹ̀ kò rí i. Ó gbin igi, ó ro ó, ó ká a, ó bù ú, ó sá a, ó rù ú wá, ìdajì àpò sì sọnù láàárín pèpéle àti ojú akọ̀wé. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí ni a fi owó kòkó rán ní ilé-ẹ̀kọ́. Owó ilé-ìwé wa, aṣọ wa, ìwé orin wa, orí òṣùwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ ti kọ́kọ́ jókòó. Ìdí nìyí tí Òfin Mose, Ìwé Òwe àti wòlíì Amosi fi sọ̀rọ̀ líle lórí òṣùwọ̀n èké, tí wọn kò kà á sí ọ̀rọ̀ ọjà lásán. Fairbanks mọ Ìwé wọ̀nyí dáadáa. Ọmọ ìjọ Congregational ni, ó sì dúró ṣinṣin nínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nígbà tí ó di 1850, ojú irin dé St. Johnsbury. Erastus fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́ ààrẹ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ojú irin mú ìṣòro tuntun wá fún àwọn oníwọ̀n. Èédú, ọkà, irin àti gẹdú ni ọkọ̀ náà ń kó, ìwọ̀n ni a sì fi ń gba owó ẹrù. Kò sí bí a ṣe lè máa já èédú kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ kí a wọ̀n ọ́ ní agbọ̀n-agbọ̀n kí a tún kó o padà. Odindi kẹ̀kẹ́ ni a ní láti wọ̀n, tòun ti ẹrù inú rẹ̀, kí a sì yọ ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ òfìfo kúrò. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ohun tí ó kù kò ju pé kí a fẹ pèpéle kí a sì to irin sórí rẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kẹ̀kẹ́ ojú irin gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà ní orí àti ìdí. Lífà mẹ́rin kò tó láti gbé e. Wọ́n ní láti to wọn ní méjì-méjì láti òpin kan dé òpin kejì kòtò gígùn, kí gbogbo wọn máa ròyìn fún ọ̀pá kan ṣoṣo, kí iye má sì yí padà níbikíbi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá tẹ̀. Ìṣòro kejì ni ìgbájáde. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ tọ́ọ̀nù 20 bá já wọ orí pèpéle tí a sì fi bíréèkì mú un, gbogbo pèpéle ni ó fẹ́ tẹ̀lé e lọ síwájú, ojú ọ̀bẹ abẹ́ rẹ̀ yóò sì máa ha lórí ìjókòó rẹ̀ títí yóò fi kú. Ojú ọ̀bẹ tí ó kú kì í kígbe. Ńṣe ni ó kàn ń purọ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ irin fi so ìjókòó pèpéle rọ̀ bí ìjókòó jangilofa, kí ó lè fì díẹ̀ kí ó sì padà sí àyè rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá irin di ẹ̀gbẹ́ pèpéle mọ́ ògiri kòtò kí ó má bàa rìn jù.

Ìhùmọ̀ kẹta ni ó wù wá jù, nítorí ó rọrùn. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ó kọjá ni a fẹ́ wọ̀n, ẹ́ńjìnnì tí ń fa ọkọ̀ ni ó sì wúwo jù. Wọ́n wá to ojú irin méjì sí ibi kan náà. Ọ̀kan jókòó lórí òṣùwọ̀n. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ó sì jókòó lórí ilẹ̀ líle, kò kan òṣùwọ̀n rárá. Ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ yóò yí irin, ọkọ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n yóò gba ti ilẹ̀ kọjá, òṣùwọ̀n yóò sì máa sinmi. Fún ìdánilójú, a ní kẹ̀kẹ́ pàtàkì kan tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú, tí a ń tì gun orí òṣùwọ̀n láti yẹ̀ ẹ́ wò. Òṣùwọ̀n tí ó ń dán ẹrù gbogbo ènìyàn wò náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò. Ìbá wù wá kí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ máa yí kiri ọjà wa.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Kò dé Èkìtì títí di òní. Orí ni àwọn baba wa fi ru ẹrù la Ìjẹ̀ṣà kọjá lọ bá a ní Òṣogbo, kí mọ́tò tó gba iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkọ̀ àjàgbé tí ń kó sìmẹ́ǹtì àti òkúta kọjá ní Adó lónìí. Kí ó tó kúrò níbi tí ó ti gba ẹrù, ó ti gun orí pèpéle kan tí ojú rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, wọ́n wọ̀n ọ́ lófìfo, wọ́n sì tún wọ̀n ọ́ nígbà tí ó kún. Iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì ni ó ń ka iye báyìí dípò lífà, ṣùgbọ́n kòtò àti pèpéle náà ṣì wà níbẹ̀.

Thaddeus kò dá ọgbọ́n rẹ̀ dúró sórí òṣùwọ̀n. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ó ju 30 lọ ní ayé rẹ̀, àpótí amóúnjẹtutù kan sì wà nínú wọn, èyí tí ó ṣe ní 1846. Ní 1873, lẹ́yìn ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àgbáyé tí a ṣe ní Vienna, Ọba Franz Joseph ti Austria fi oyè dá a lọ́lá. Oyè tún wá láti ọ̀dọ̀ ọba Siam àti ti Tunis. Ọmọ onítìjú tí ń kan kẹ̀kẹ́ lókè ọlọ baba rẹ̀ ni àwọn ènìyàn wá ń pè ní Sir Thaddeus.

Ibi tí ó kan ilé-ẹ̀kọ́ wa nìyí. Ní 1842, nígbà tí òwò wọn kò tíì gbòòrò tó bí ó ṣe gbòòrò níkẹyìn, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta náà dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ ní ìlú wọn, St. Johnsbury Academy, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ lè gba ẹ̀kọ́ tí ó yè kooro nínú ìgbàgbọ́. Àwọn ni wọ́n ń gbé ìnáwó rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn méjì yòókù ti kú, Thaddeus nìkan ni ó kù tí ó ń gbé e, òun ni ó sì kọ́ àwọn ilé ńlá tuntun fún un ní àwọn ọdún 1870 sí 1879. Ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀ ni. Nígbà tí a bá ń rántí Archdeacon Henry Dallimore àti iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1933, tí ó di ohun tí gbogbo Èkìtì ń wò lórí Òkè Àgídímọ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà níbòmíràn pẹ̀lú. A sì bi ara wa léèrè, àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí Ọlọ́run ti bùkún, mélòó nínú wa ni ó ti tún òrùlé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe?

Erastus di gómìnà Vermont ní 1852. Ó fọwọ́ sí òfin tí ó fòpin sí títa ọtí ní ìpínlẹ̀ náà, kò sì padà sórí oyè ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n tún yàn án ní 1860, òun ni ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀. Joseph kú ní 1855, Erastus ní 1864. Horace, ọmọ Erastus, náà di gómìnà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì kọ́ ilé ìkàwé fún ìlú. Henry, ọmọ Thaddeus, di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth, òun náà sì ń hùmọ̀ bíi baba rẹ̀. Àwọn tí ó rò pé iwájú pẹpẹ àti ilé alágbẹ̀dẹ kò lè gba ènìyàn kan náà, kí wọ́n wo Henry.

Thaddeus Fairbanks kú ní St. Johnsbury ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1886, lẹ́ni 90 ọdún. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Calvin Coolidge wá fi ìgbà díẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ní Academy náà, kí ó tó wọ yunifásítì. Òun ni ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1923. Ilé-ẹ̀kọ́ náà wà títí di òní, wọ́n sì ń gba ọmọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sí i.